Bàbá Mi Kì í Ṣe Àlàájì

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé Jẹ́dà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àlàájà. Nígbà náà, n kò tíì rí ohunkóhun ju ilé ìdáná kan ní àdúgbò al-Baghdadíyà, fèrèsé tó kọjú sí ògiri, àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn tọ̀sántòru. Bọ̀ọ̀dá mi pè láti Òṣogbo. Kó tó béèrè bóyá mo ti jẹun, ó ní, "Àlàájà wa! Àlàájà Mẹ́kà!" Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àmín.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, n kò tíì dé Mẹ́kà. Jẹ́dà ni mo wà."

Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ibì kan náà ni?"

Kì í ṣe ibì kan náà. Láti Jẹ́dà dé Mẹ́kà, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ó gbà mí ní ọdún méje.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo wá ṣe. Mo ti ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan nílé fún ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn tí mo ka ìwé mẹ́wàá jáde tí kò sí ọ̀nà láti tẹ̀síwájú. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá arúgbó kan ni n óò máa tọ́jú. Nígbà tí mo dé, bàbá ni mo bá. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n egungun èjìká rẹ̀ ṣì gbòòrò. Gbogbo ilé ń pè é ní Kábtin. Báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń pe ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá nínú eré ìdárayá lọ́hùn-ún. Íjíbítì ni wọ́n bí i sí. Ó gbé irin fún ìlú rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, láyé ìgbà tí orúkọ àwọn agbérin Íjíbítì ń dún káàkiri, kó tó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá ní Jẹ́dà, tó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Ọkùnrin ará Bangladéṣì kan máa ń wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á sì lọ. Ìyókù ọjọ́, èmi ni. Láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láti ibẹ̀ padà. Ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́ bí ara rẹ̀ bá dá, ìgbà mẹ́rìnlá bí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo kà á.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Wàlídì, àti ìyàwó Wàlídì tí mo ń pè ní Mádáàmù, ni wọ́n ni ilé. Wàlídì máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ sì tóbi débi pé ọwọ́ ẹ̀wù máa ń fún un. Láàárín ọdún méje yẹn, n kò rí i kó gbé bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé Kábtin, Mádáàmù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bóyá n óò lè ṣe é. Mo ya ẹsẹ̀ mi kó bá èjìká mi dọ́gba, mo tẹ orúnkún wálẹ̀, mo na ẹ̀yìn mi gbọnrangandan, mo fa àyà rẹ̀ mọ́ àyà mi, mo mí sínú, mo sì fi ẹsẹ̀ dìde, n kò fi ẹ̀yìn dìde. Ó gúnlẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ láìdún.

Kábtin wò mí. Ó sọ̀rọ̀ kan ní Lárúbáwá, Mádáàmù sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún mi. "Ó ní ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

"Nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ?"

"Agbérin ni."

Nígbà tí Mádáàmù tú u fún un, Kábtin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, Mùfútàù Àkànní, ní Òṣogbo. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹsẹ̀ tírọ́lì méjì tí wọ́n ti pa tì, wọ́n ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń gbé e lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbé irin níbi ìdíje. Wọ́n á já a láti ilẹ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbé e sáyà kí wọ́n tó fi agbára ẹsẹ̀ jù ú sókè. Wọ́n á tún gbé e sáyà kí wọ́n fi apá nìkan tì í lọ sókè, láì tẹ orúnkún. Wọ́n ti yọ ọ̀nà ìkẹyìn yìí kúrò tipẹ́, nítorí àwọn èèyàn ń dọ́gbọ́n sí i, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ran apá lọ́wọ́. Bàbá mi kì í fi ẹ̀yìn ran apá lọ́wọ́. Ẹni tí kò lágbára tó o ti torí bẹ́ẹ̀ borí rẹ̀ rí, kò sì yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ó ti fi ìdíje sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Garawa omi ló fi kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń gbé nǹkan. Iye tó gbé, ó kọ́ wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní sùúrà, a kò gbọdọ̀ fi kún un, a kò gbọdọ̀ yọ kúrò níbẹ̀. Ó máa ń ní bí o bá gbé e sókè tí adájọ́ kò tíì ní kí o sọ̀ ọ́, o kò tíì gbé nǹkan kan.

Lọ́dún tó gba ipò kìíní ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, kí òmìnira tó dé, olóṣèlú kan gun orí pèpéle, ó na ọwọ́ bàbá mi sókè, ó ní ẹgbẹ́ òun yóò rán an lọ sí Mẹ́kà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti kígbe pé, "Àlàájì Irin!" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó olóṣèlú náà ló lọ sí Mẹ́kà dípò rẹ̀, ọkùnrin tí kò gbé ohun tó wúwo ju ṣíbí lọ láyé rẹ̀.

Títí bàbá mi fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Àlàájì, èsì rẹ̀ ni pé, "N ò tíì lọ o." Kì í bínú tó bá ń sọ ọ́. Èmi ni mo ń bá a bínú. Mo bínú sí gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó padà béèrè.

Ọdún méjì tó lò kẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá a dúró, èmi ni mo ń gbé e. Mo gbé e mọ́ra lọ́jọ́ kan nígbà tó sọ ọ́ sí mi létí pé bí Ọlọ́run bá gbé mi dé Mẹ́kà, kí n ṣe é fún òun. Ó ní, "Kó o ṣe é dáadáa o." Mo ní n óò ṣe é.

Mádáàmù kò mọ orúkọ mi, tàbí bó mọ̀ ọ́n, kò pè é rí. "Yà hájja, omi." "Yà hájja, Kábtin ń pè." Báyẹn ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá ti ń dàgbà lọ́hùn-ún, ìbáà lọ síbẹ̀, ìbáà má lọ. Nílé, Àlàájà. Nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, hájja. Oyè tí bàbá mi kọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìlú méjì ló ń fi í lé mi lórí lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan nínú wọn tó yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún mi láti lọ gbà á.

Mo tọrọ ọjọ́ náà lọ́dún kìíní. Mádáàmù ní, "Báádéèn." Ìyẹn ni pé tó bá yá. Lọ́dún kejì, báádéèn. Lọ́dún kẹta, ó ní inú Kábtin kò dára, ta ni yóò gbé e? Wàlídì wà nínú yàrá kejì, ó ń po ìyẹ̀fun tó ń mú apá tóbi mọ́ wàrà. Lọ́dún kẹrin, ta ni yóò gbé Kábtin? Íkámà mi, ìwé tó fún mi láyè láti gbé ìlú náà, ọwọ́ Wàlídì ló wà. Bí mo bá jáde láìgbàṣẹ, n kò ní ilé, n kò ní iṣẹ́, n kò ní ìwé. Nítorí náà mo máa ń sọ pé, "Ó dára, Mádáàmù." Ọ̀rọ̀ náà máa ń korò lẹ́nu mi títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ọdún méje yẹn kò ní adùn. Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi, èmi àti Kábtin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ hàn mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró gbọnrangandan, tí òróró ń dán ní èjìká rẹ̀, tí àyà rẹ̀ yọ bí igbá méjì. Wàlídì ti ya àwòrán náà sórí fóònù rẹ̀, ó máa ń fi í yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá inú àwòrán ló fẹ́ràn. Èyí tó wà lórí ibùsùn, ó fi í sílẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ kan Kábtin béèrè iye tí bàbá mi gbé. Mo ní èyí tó ga jù ni igba ó lé àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn, láti àyà sókè. Ó dijú, ó ń ṣírò rẹ̀ sí kílò.

Ó ní, "Ó dára. Kì í ṣe ti àgbáyé. Ní Íjíbítì, ipò kẹrin ni, tàbí ìkarùn-ún." Ó tún rò ó. "Ẹsẹ̀ tírọ́lì lo ní ó fi kọ́ ọ?"

"Ẹsẹ̀ tírọ́lì ni, Kábtin."

"Ó dáa, ìkẹta."

Ó dùn mí fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn ju bó ṣe dùn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà. Nílé, wọ́n ti ń sọ pé wágúnnù rélùwéè ni bàbá mi gbé. Bọ̀ọ̀dá mi fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ní bàbá mi gbé wágúnnù, kò mọ bàbá mi. Àjèjì yìí ló kọ́kọ́ wọn bàbá mi bí ó ṣe tó gan-an.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń bá sọ Yorùbá lójúkojú ni Ìyá Hàfúsá, ìyàwó dókítà ọmọ Ìlọrin kan tí ilé wọn kò jìnnà. Bí Kábtin bá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan. Jẹ́dà ni wọ́n bí Hàfúsá ọmọ rẹ̀ sí. Bí mo bá ní, "Hàfúsá, báwo ni ilé ìwé?" Lárúbáwá ni yóò fi dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ á jágbe mọ́ ọn pé, "Yorùbá ni wọ́n fi bi ọ́!" Ọmọ á ní, "Dáadáa ni, mà," á sì padà sí Lárúbáwá rẹ̀. Mo máa ń wò ó pé ọmọ yìí mọ ibi tí òun wà. Èmi, àádọ́ta ọdún lé, n kò mọ̀.

Ìyá Hàfúsá ni mo sọ ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi fún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣe tiyín?"

"Tèmi kẹ̀? Ti bàbá mi ni mo ń sọ."

"Ẹ kò lè ṣe ti Bàbá kí ẹ tó ṣe tiyín. Ẹ óò kọ́kọ́ ṣe úmúrà tiyín, ẹ óò yípo, ẹ óò rin àárín Sáfà àti Máríwà, ẹ óò gé irun. Ó parí. Ẹ óò wá jáde lọ sí mọ́sálásí Taníímù, lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ ọ̀wọ̀, kí ẹ tún àníyàn ṣe níbẹ̀ ní orúkọ Bàbá. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹ̀dínwó."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí wọn kò bá tíì yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún mi, nígbà wo ni wọn óò yọ̀ǹda méjì?

Ní ọdún keje, Kábtin fúnra rẹ̀ ló ja ìjà náà. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ó ní òun kò ní kú sí ibi tí kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan àti díẹ̀ lọ sí Ilé Ọlọ́run. Wàlídì gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Misfalah, ní Mẹ́kà, fún alẹ́ méjì, láti ọjọ́ Jímọ̀ di ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀, nítorí ta ni yóò gbé Kábtin?

Mo pe Bọ̀ọ̀dá mi. Ó pariwo ayọ̀. "Ọlọ́run ló ṣe é! Ọjọ́ Sátidé yìí ni àdúà ìrántí Bàbá. Ṣe é fún un kó tó di ọ̀sán, a óò kéde rẹ̀. A ti tẹ kàlẹ́ńdà." Ó kà á fún mi. "Olóògbé Àlàájì Mùfútàù Àkànní, Ọkùnrin Tó Gbé Wágúnnù."

"Bọ̀ọ̀dá, Bàbá kò lọ."

"Ṣebí ìwọ lo fẹ́ bá a lọ? Tó o bá ti ṣe é, ó ti di Àlàájì nìyẹn."

"Úmúrà ni. Úmúrà kì í sọ èèyàn di Àlàájì. Hájì ló ń sọ ọ́."

"Ta ni yóò lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti di Lárúbáwá. Òfin, òfin. Gbọ́, a óò pè ọ́ lórí fóònù níwájú gbogbo èèyàn, kó o jẹ́rìí sí i. Má dójú tì mí o, Àlàájà."

Láti inú ilé ní Jẹ́dà ni a ti ṣe àníyàn. Wàlídì wé aṣọ funfun méjì mọ́ bàbá rẹ̀, èmi ni mo sì gbé e wọ ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ la wọ mọ́sálásí ńlá. N óò sọ òótọ́, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Káábà, n kò sunkún. Gbogbo àwọn tó yí mi ká ń sunkún, èmi ń wo ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń lọ kó má baà gun ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Wàlídì ń rìn níwájú, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀.

Nígbà ìyípo, ọkùnrin máa ń ṣí èjìká ọ̀tún sílẹ̀. Èjìká Kábtin yọ síta, awọ lásán tó rọ̀ mọ́ egungun. Mo rí i tó na ọwọ́ òsì bò ó. Ojú ń tì í láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì wò ó. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Mo fi ìyípo márùn-ún tó kù sunkún, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Mo ṣe úmúrà tèmi báyẹn, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni mo ti ṣe é. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run gbà á bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo gbé Kábtin sórí kẹ̀kẹ́, mo fún un ní oúnjẹ, mo tún yàrá ṣe. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Mádáàmù.

"Mádáàmù, mo fẹ́ lọ sí Taníímù. N óò padà lẹ́yìn Aláásárì."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Úmúrà bàbá mi."

"O ṣe úmúrà lánàá. Mélòó lo fẹ́ ṣe? Ta ni yóò gbé Kábtin?"

Ọdún méje ni mo fi gbọ́ ìbéèrè yẹn, mo sì ń gbà á bí ẹni pé kò ní èsì. Lọ́jọ́ náà mo fún un ní èsì.

"Wàlídì ni."

Wàlídì dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó ń wo fóònù. Ó gbójú sókè. "Èmi? Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo ní, "Ẹ̀yìn yín kò tíì gbé e rí. Kí ló mú un dùn?"

Kábtin bú sẹ́rìn-ín lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mádáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde dúró. "Bó o bá jáde, má padà wọlé. A óò fagi lé íkámà rẹ. Ṣó o gbọ́?"

Mo gbọ́. N kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, n kò sì pariwo nígbà náà. Mo ní, "Ẹ fagi lé e. Ọdún méje ni mo fi gbé bàbá yín, n kò jẹ́ kó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mo ń gbé e lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí Wàlídì ń gbé irin tí kò ní orúkọ. Èmi náà ní bàbá. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbígbé tí mo ń gbé tiyín. Mo ń lọ." Mo yíjú sí Wàlídì. "Ẹ dìde wá."

N kò mọ ohun tó mú un dìde. Bóyá ojú bàbá rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ síwájú, ó ki ọwọ́ sábẹ́ abíyá Kábtin, ó sì fà á sókè pẹ̀lú apá nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun.

Kábtin kígbe mọ́ ọn pé, "Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ dà, ìwọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí? Ṣé àpò ìrẹsì ni mo jẹ́?"

Wàlídì sọ ọ́ padà. Òógùn ti bò ó. Mo fi bàtà mi ti bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yà. "Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ̀yìn gbọnrangandan. Ẹ fà á mọ́ àyà yín, kó máa gbọ́ èémí yín. Ó yá, ẹ mí sínú. Ẹsẹ̀!"

Ó dìde, bàbá rẹ̀ sì bá a dìde. Wọ́n dúró báyẹn, àyà sí àyà, ó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Orí Kábtin wà ní èjìká ọmọ rẹ̀. N kò dúró wò ó. Mo mú báàgì mi kékeré, mo jáde. Mádáàmù ń pariwo "yà hájja" tẹ̀ lé mi títí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè fi pa dé.

Ní mọ́sálásí Taníímù, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun, mo sì ṣe àníyàn ní orúkọ Mùfútàù Àkànní, ọmọ Ràbíátù. N kò fi ohunkóhun ṣáájú orúkọ rẹ̀. Mo padà sínú ọkọ̀, mo padà sí mọ́sálásí ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi kò mọ ibi tí ó yẹ kó wà. Àwọn tó bá ti lọ máa ń sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀ níbẹ̀. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ìbínú ni mo fi yí i ká lẹ́ẹ̀meje. Mo ro ẹjọ́ olóṣèlú náà fún Ọlọ́run. Mo ro ẹjọ́ àwọn tó pàtẹ́wọ́, ẹjọ́ báádéèn, ẹjọ́ kàlẹ́ńdà. Mo ro ẹjọ́ ara mi pẹ̀lú, èmi tí mo sọ pé "ó dára" fún ọdún méje nígbà tí kò dára. N kò rò pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́. Bí èèyàn kò bá lè bínú níbẹ̀, níbo ni yóò ti bínú?

Orúnkún ti ń dùn mí nígbà tí mo fi ń rìn láàárín Sáfà àti Máríwà. Fóònù ń dún nínú báàgì mi, n kò gbé e. Ìgbà tí mo parí ìkeje, tí mo dúró sí Máríwà, ni mo pe Bọ̀ọ̀dá mi padà.

"Àlàájà!" Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ń dún nínú gbohùngbohùn. "Gbogbo èèyàn ń gbọ́ ọ. Sọ fún wọn!"

Mo ní, "Ẹ kú àdúà o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe úmúrà fún bàbá mi lónìí, ó ku irun gígé. Úmúrà ni, kì í ṣe Hájì. Bàbá mi kì í ṣe Àlàájì, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín títí ó fi kú. Èmi náà kì í ṣe Àlàájà. Kò sì gbé wágúnnù. Igba ó lé àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló gbé. Ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyókù rẹ́ lára kàlẹ́ńdà."

Obìnrin kan ní, "Họ́wù! Ọmọ yìí le o." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí wọ́n pa gbohùngbohùn.

Bọ̀ọ̀dá mi rọra sọ̀rọ̀. "Ṣé inú rẹ dùn báyìí? O ti bà á jẹ́ níwájú gbogbo ìlú."

"Bí ó ṣe rí ni mo sọ, Bọ̀ọ̀dá."

Ó pa fóònù. Títí di bí mo ṣe ń sọ èyí, kò tíì pè mí padà.

Mo yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ obìnrin kan tó jókòó nítòsí, mo fa ìdí irun mi síwájú lábẹ́ ìborùn, mo gé e níwọ̀n orí ìka. Úmúrà bàbá mi parí.

Ilẹ̀kùn yàrá wa ní Misfalah ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo dé. Báàgì ńlá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti dì í. Mo rò pé ó parí nìyẹn, mo sì wọlé kí n lè dágbére fún Kábtin. Wàlídì jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn. Kábtin wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ tó mọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mádáàmù la ẹnu rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Mo ṣáájú rẹ̀.

Mo ní, "Mo ti ṣe ti bàbá mi. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ kí n gbé?"

Kábtin ló dá mi lóhùn. Kò yíjú kúrò lójú fèrèsé.

Ó ní, "Kò sí. Wàlídì, dìde fún un. Ìwọ, jókòó."

Láti ọdún méje, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tó ní kí n jókòó rí. Wàlídì rọra dìde, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fa àga wá.

Mo jókòó.